Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Alákòóso Ilé Ìwòsàn Ìjọba

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀yin alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí wọn, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

 Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì jẹ́ mátírọ́ọ̀nù fún ọdún 9 tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni fọ́ọ̀mù kan tí gbogbo yín mọ̀ bí ẹni mowó: fọ́ọ̀mù kílíráǹsì.

Bí nọ́ọ̀sì bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n máa ń fún un. Á gbé e lọ sí sítóò, kí wọ́n wò ó bóyá ohun èlò wọn kankan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á gbé e lọ sí ibi ìfọṣọ, sí ilé oògùn, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń sanwó, sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Bó bá ń gbé inú ọgbà ilé ìwòsàn, á dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà, wọ́n á sì wò ó bóyá ó jẹ gbèsè iná. Á dá káàdì ìdánimọ̀ padà. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti fẹ̀yìn tì, ibi mọ́kànlá ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà. Èmi náà ti buwọ́ lù ú fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Nínú ibi mọ́kànlá yẹn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí o fi ń lọ?"

A gba aṣọ, a gba kọ́kọ́rọ́, a gba káàdì. Gbogbo ohun tí ọmọ náà mọ̀ nípa wọ́ọ̀dù wa, ó gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ló wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọdún 7 ló ti lò ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo buwọ́ lùwé fún un, mo ní kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà rẹ̀ ní rere. Bó ṣe ń dìde báyìí ni òjò dé. Mo ní kó jókòó, kó jẹ́ kó dá. Ibi tí a ti ń wo òjò lójú fèrèsé ni mo ti bi í, ká ṣáà lè máa rí nǹkan sọ: "Kánádà ni àbí London?"

Ó ní, "Kò síbì kankan, mà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí ilé wa ni. Owó wọn ò tó ti ibí."

Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní kàyéfì. Mo ní kí ló wá dé. Ó wojú mi títí, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kóun sọ tàbí kóun gbé e mì. Ó wá ní, "Ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fọ́, mà?"

N kò rántí. Ó rán mi létí. Ní nǹkan bí aago méjì òru, obìnrin kan bímọ, ọmọ ò ké. Báàgì tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì síṣítà tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù, ẹni tó ti lọ sílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Síṣítà yẹn náà kì í ṣe ìkà. Wọ́n ti jí irú báàgì yẹn méjì gbé rí, inú owó oṣù tirẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ owó wọn. Nọ́ọ̀sì yìí gbé irin tí a ń so omi dírípù kọ́, ó fi já àgádágodo, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ya. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ náà. Ọmọ náà ké.

Ní ọjọ́ kẹta, kúẹ́rì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pé ó ba dúkìá ìjọba jẹ́. Ó fèsì, ojú ìwé méjì. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó kọ́bọ́ọ̀dù nínú owó rẹ̀.

"Kì í ṣe owó yẹn, mà," ló wí. "Ọmọ yẹn yè. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ọmọ yẹn."

Èmi ni mo buwọ́ lu kúẹ́rì náà. Ó wà láàárín ìwé bí ogún tí akọ̀wé kó síwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò sì kà ju ìlà àkọ́kọ́ lọ kí n tó buwọ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kúnlẹ̀ kí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí wọ́ọ̀dù náà. Mo ní kí wọ́n kan ìṣó kan mọ́ ògiri lẹ́yìn tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, kí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù máa gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ẹni tó ń gbaṣẹ́ àti ẹni tó ń gbéṣẹ́ sílẹ̀ jọ máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lùwé. Ìṣó kan péré ni. Gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ló ti mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yẹn máa pa ọmọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi, wọ́n ní àwọn rò pé mo mọ̀. Mo yọ kúẹ́rì yẹn kúrò nínú fáìlì nọ́ọ̀sì náà, mo sì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ síbẹ̀ dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lọ.

Ká ní òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, n kì bá tí gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ má dúró de òjò. Ẹ sọ ọ́ di ètò pé kí òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ jókòó pẹ̀lú ẹnì kan tó máa bi í ní ìdí tó fi ń lọ àti ohun tó rí, kí ẹni náà sì fetí sílẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ti ń ṣe é tipẹ́. N ó máa pè é ní ìjókòó ìdágbére nínú lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ ti sú yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ ní Àbújá pé dókítà tó ju 16,000 lọ ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí a fi ń kọ́ dókítà kan ṣoṣo ju dọ́là 21,000 lọ. Ẹ̀yin náà mọ iye nọ́ọ̀sì tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Kí ni a ti wá ṣe sí i? Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àbá òfin kan tí aṣòfin Ganiyu Johnson láti Èkó gbé wá la ìpele kíkà kejì kọjá nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, pé kí dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà má rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní kíkún àfi tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún márùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde ní Àbújá àti ní Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn.

N kò kọ lẹ́tà yìí láti bá àwọn tó ṣe òfin jà. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà la ń dí láti ìgbà yìí. Ẹni tó ń sá, a ò bi í ní ohun tó ń lé e.

Mo ti mọ èsì tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa fọ̀: "Kí la tún fẹ́ bi wọ́n? Owó ni." Owó ni lóòótọ́, n kò ní tàn yín. Ẹni tó ń gba owó náírà tó sì ń gbọ́ iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà ní London, ọkàn rẹ̀ ò lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí a fi fẹ́ràn èsì yẹn. Ìlànà owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní CONHESS, Àbújá ni wọ́n ti là á kalẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é, ẹ ò sì lágbára láti yí i padà. Bó bá ti jẹ́ owó, kò kàn wá mọ́ nìyẹn. Ọkàn wa balẹ̀, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kúrò níbi tí owó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré, bẹ́ẹ̀ èmi ti kà á mọ́ àwọn tó ń lọ sí London.

Ní ọdún 1959, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Frederick Herzberg, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti lọ bá àwọn ẹnjinníà àti àwọn aṣírò-owó bí igba ní agbègbè Pittsburgh, wọ́n ní kí wọ́n sọ ìtàn ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ wọn jù àti ìgbà tó sú wọn jù. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun tó ń mú iṣẹ́ súni yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un dùn mọ́ni. Bí owó, ìlànà ọ́fíìsì, ìṣesí ọ̀gá àti ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ bá burú, iṣẹ́ á súni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú iṣẹ́ wuni ni kéèyàn rí i pé ohun tóun dáwọ́ lé yọrí, kí àwọn ẹlòmíràn sì rí i pé ó yọrí. Nígbà tí mo gbọ́ nípa ìwé yìí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ló ń dún létí mi: kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ọmọ yẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, àjẹmọ́nú iṣẹ́ alẹ́ àti ti aṣọ iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀rọ̀ Àbújá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ alẹ́ jẹ níyà lóṣooṣù nítorí pé ó jiyàn pẹ̀lú olórí wọ́ọ̀dù, ẹni tó ń dá nìkan tọ́jú ogójì aláìsàn lóru, ẹni tí ẹbí aláìsàn gbá létí níwájú ẹ̀ṣọ́ tí ẹ̀ṣọ́ ò sì dá sí i, ẹni tó ń gbé omi ìfọwọ́ wá láti ilé rẹ̀ nínú jálá, ọ̀rọ̀ tiyín nìwọ̀nyẹn. Rọ́sítà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ṣọ́ wà lábẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró síbi tó le jù. Ẹni tó ń lọ kì í fẹ́ sọ òótọ́. Á ní ọkọ òun ló ní kóun máa bọ̀, tàbí pé òun fẹ́ lọ kàwé sí i. Ẹ má bínú sí i. Ìlànà ọdún 2024 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn ní ìgbìmọ̀ á béèrè lẹ́tà ìwà rere lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́, tààrà sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ sì ni èsì rẹ̀ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ó ṣe rí lójú ọmọ náà. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sọ àléébù ilé ìwòsàn rẹ̀ fún ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà. Ta ló máa lanu? Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, èmi náà á ní ọkọ mi ló ń pè mí.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ kí ẹ tó pè é jókòó. Ẹ jẹ́ kó fojú rẹ̀ rí i pé lẹ́tà náà ti lọ. Ẹ san ohun tó bá kù fún un. Ìgbà tí ohunkóhun tirẹ̀ ò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́ ni á tó lanu sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi ọ̀gá rẹ̀ gangan sídìí ìjókòó náà. Bó bá jẹ́ pé olórí wọ́ọ̀dù ló ń lé e lọ, ṣé olórí wọ́ọ̀dù náà ló tún máa sọ ọ́ fún? Àwọn olùkọ́ méjì, Everett Spain àti Boris Groysberg, kọ̀wé lórí irú ìjókòó yìí nínú Harvard Business Review ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Ohun tí wọ́n dámọ̀ràn ni ọ̀gá tó wà lókè ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó jìnnà díẹ̀ sí ìjà náà, tó sì lágbára láti tún nǹkan ṣe. Ní tiwa, mo rò pé mátírọ́ọ̀nù láti ẹ̀ka mìíràn máa dára, tàbí nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. A pọ̀ tí a ti fẹ̀yìn tì tí a sì lè wá láìgba kọ́bọ̀. Ní ti àkókò, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tó mú ìwé wá, nítorí inú rẹ̀ á ṣì máa ru. Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ mọ́, nítorí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Àárín méjèèjì ló dáa.

Ẹ fún un ní àga gidi àti omi tútù. Kí akọ̀wé má jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sì gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń mààkì lé e lọ́wọ́ pé kó yan láti ọ̀kan dé márùn-ún. N kò tíì rí ẹni tó sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sórí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni ọ̀rọ̀ pé kóun lọ kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ọjọ́ náà máa ń wà, wọ́n sì máa ń rántí rẹ̀ tòun ti ojú ọjọ́. Ẹ bi í pé ta ni ì bá ti bá òun sọ̀rọ̀ tí òun ì bá fi dúró. Ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe tí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ kò lè mọ̀: ẹ̀rọ wo ni a gbọ́dọ̀ gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, aláìsàn wo ló ń parọ́ pé òun ti lo oògùn. Kí ẹ tó ní kó máa lọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun kan pàtó tó ṣe. Bí ẹ ò bá rí ohun kan dárúkọ, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti sọ nǹkan fún yín nípa bí ẹ ṣe mọ àwọn òṣìṣẹ́ yín tó.

Ohun tó bá sọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìkọ orúkọ, kí ẹ kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn. A ti ní òfin ààbò ìsọfúnni láti ọdún 2023, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ fọkàn tán yín sọ kì í ṣe ohun tí a ń sọ kiri níbi ìkómọ àti ìsìnkú. Àwọn kan máa fi ìbínú sọ̀rọ̀, àwọn kan á fẹ́ fi yín gbẹ̀san lára ẹni tí wọ́n jọ ní gbólóhùn asọ̀. Ẹ má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rin bá lọ láti wọ́ọ̀dù kan láàárín ọdún kan, tí mẹ́ta nínú wọn ò mọ ohun tí ẹnì kejì sọ, tí wọ́n sì sọ ohun kan náà, ẹ dìde kí ẹ lọ wo wọ́ọ̀dù yẹn lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án.

Àwọn kan wà tí ẹ ò ní rí pè jókòó. Wọ́n gba ìsinmi ọdún, wọn ò padà wá. Mo mọ̀ pé inú máa ń bí yín sí wọn. Síbẹ̀, nọ́ńbà wọn wà lórí WhatsApp àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí ara ti tù wọ́n lọ́hùn-ún, ẹ ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn pè wọ́n, kó kí wọn, kó bi wọ́n. Ẹni tí kò bẹ̀rù yín mọ́ ló máa bá yín sọ̀rọ̀ jù.

Àwọn tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ wa lọ pàápàá, ojú wọn ti rí ohun tí àìfetísílẹ̀ ń fà. Ní ilé ìwòsàn Mid Staffordshire ní England, wọ́n pa ìtọ́jú aláìsàn tì fún ọdún mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ kan rí i, àwọn kan sọ̀rọ̀, wọn ò fetí sí wọn. Ìròyìn ìwádìí tí Robert Francis darí jáde ní oṣù kejì ọdún 2013. Lẹ́yìn ìròyìn rẹ̀ mìíràn ní ọdún 2015, wọ́n yan ẹnì kan sí ilé ìwòsàn ìjọba wọn (NHS) kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù láti sọ. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù nílé náà rí.

Nítorí pé ti àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ yìí jù. Spain àti Groysberg bi àwọn ọ̀gá tó ń ṣe ìjókòó ìdágbére pé kí wọ́n dárúkọ ohun kan tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ ṣe. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó rí nǹkan kan dárúkọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ba ọkàn àwọn tó sọ̀rọ̀ jẹ́ lásán. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ pátákó níbi tí wọ́n ti ń jẹun: ohun tí a gbọ́ nìyí, ohun tí a ti tún ṣe nìyí, ohun tí a ò lágbára láti ṣe nìyí àti ìdí rẹ̀. Kó má gùn. Wọ́n á kà á. Ìgbà tí mo kan ìṣó yẹn mọ́ ògiri, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta fi wá bá mi fúnra wọn, láìsí ẹni tó ń lọ síbì kankan nínú wọn. Ọ̀kan wá sọ ti súìsì iná yàrá iṣẹ́ abẹ tó ń ta iná. Ọ̀kan wá sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta sunkún, ó sì sọ ohun tí n kò lè kọ síbí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìlà mọ́kànlá ló wà lórí fọ́ọ̀mù kílíráǹsì wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìlà kan kún un, ní òkè pátápátá, kó ṣáájú ti sítóò: orúkọ ẹni tó bá a jókòó, ọjọ́ tí wọ́n jókòó, iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò. Kí sítóò má ṣe gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí ìlà yẹn bá ṣófo lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì